Ẹ Dìde, Bàbá: Ohun Tí Eré Ìdárayá Ń Ṣe Nínú Ọpọlọ Ẹni Tó Ní Àìsàn Parkinson, àti Bí Ẹ Ó Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Nílé

Nígbà tí dókítà sọ fún wa pé àìsàn Parkinson ló ń mú ọwọ́ bàbá mi gbọ̀n, ìfẹ́ ló mú wa ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́. A ra àga tuntun. A gbé e sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, a ní kí Bàbá máa jókòó síbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ omi, ọmọ kan á sáré gbé e wá. Bí wọ́n bá fẹ́ wọ bàtà, ẹnì kan ti kúnlẹ̀ níwájú wọn. Ṣebí ọmọ tó tọ́jú bàbá rẹ̀ là ń yìn? Láàárín oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí mọ́sáláṣí kò lè dìde lórí àga yẹn mọ́ àfi bí ènìyàn méjì bá gbá wọn lápá mú.

Àìsàn náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oníṣègùn físíò tó wá wò wọ́n ló là wá lójú pé àga náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kàwé nípa rẹ̀, tí mò ń béèrè, tí èmi àti Bàbá sì ń dán an wò. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹnì kan ti sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni mo kọ síbí: ẹ má ṣe ka eré ìdárayá sí ohun ìgbafẹ́ fún ẹni tó ní Parkinson. Ó ní ìwọ̀n bí oògùn ṣe ní ìwọ̀n, ó ní àkókò bí oògùn ṣe ní àkókò, bí ó bá sì rọ̀ jù, èrè rẹ̀ máa ń kéré.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ

Dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, James Parkinson, ló kọ̀wé nípa àìsàn yìí ní 1817, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní.

Nísàlẹ̀ ọpọlọ, ibì kan wà tó kéré, tó sì dúdú díẹ̀ ju àwọn ibi tó yí i ká lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ló ń ṣe èròjà tó ń jẹ́ dopamine. Ẹ fojú inú wo ẹgbẹ́ onídùndún. Ìyá ìlù kọ́ ló ń dún ní gbogbo ibi, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni àwọn ìlù yòókù ń tẹ̀ lé. Bí ohùn rẹ̀ bá rẹlẹ̀, omele á ṣì wà níbẹ̀, gúdúgúdú á ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mọ ìgbà tó yẹ kí òun wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni dopamine ṣe rí fún ẹsẹ̀ tó ń rìn, fún ọwọ́ tó ń kọ̀wé, fún ojú tó ń rẹ́rìn-ín. Nínú àìsàn Parkinson, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe é ń kú díẹ̀díẹ̀. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n á ti fi máa kú kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ nítorí àwọn tó ń gbé aláìsàn kiri ilé aládùúrà àti ilé babaláwo pé ayé ló ṣe é. Ní 2023, àwọn olùwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó wà lára wọn, gbé ìwádìí kan jáde nípa ìyàtọ̀ kan nínú jíìnì, ohun tí à ń jogún lára òbí, tó ń jẹ́ GBA1. Lára àwọn tó ti ìran Áfíríkà wá ni ìyàtọ̀ yìí ti wọ́pọ̀, ó sì ń mú kí ó rọrùn fún Parkinson láti mú ènìyàn. Àìsàn ọpọlọ ni. Kò sí ẹni tó rán an sí bàbá yín.

Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú kì í jí, eré ìdárayá kò sì lè jí i. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ran ọpọlọ lọ́wọ́ láti lo èyí tó kù. Bí ọkàn bá ń lù kíkankíkan, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn dé ọpọlọ sí i, ara á sì máa pèsè àwọn èròjà tó dà bí ajílẹ̀ fún sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń dárúkọ jù nínú wọn ni BDNF. Ní Yunifásítì Southern California ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú àwọn eku tí dopamine wọn ti dín kù, wọ́n sì ń mú kí wọ́n sáré lórí ẹ̀rọ. Wọ́n rí i pé àwọn ojúkò tó ń gba dopamine nínú ọpọlọ eku wọ̀nyí pọ̀ sí i. Ìyẹn ni pé bí ohùn ìyá ìlù tilẹ̀ rẹlẹ̀, etí àwọn omele ti là sí i.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti ìlú Nijmegen ní orílẹ̀-èdè Netherlands. Wọ́n pín ènìyàn 130 tó ní Parkinson sí méjì. Àwọn kan ń wa kẹ̀kẹ́ tó dúró lójú kan nínú ilé wọn, ìṣẹ́jú 30 sí 45, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́fà. Àwọn yòókù kàn ń na ara. Nígbà tí èsì jáde ní 2019, ara àwọn tó wa kẹ̀kẹ́ yá ju ti àwọn tó ń na ara lọ nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò láìjẹ́ pé oògùn wà lára wọn. Wọ́n tún ya àwòrán ọpọlọ àwọn kan nínú wọn, èsì ìyẹn sì jáde ní 2022. Ibì kan wà nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ putamen. Apá ẹ̀yìn rẹ̀ ni àìsàn yìí ń kọ́kọ́ jẹ, apá iwájú máa ń pẹ́ díẹ̀. Lára àwọn tó wa kẹ̀kẹ́, apá iwájú tó ṣì lágbára yìí ti wá ń bá ibi tó ń darí ara sọ̀rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ọ̀nà márosẹ̀ bá dí, awakọ̀ tó mọ àdúgbò á gba ojú ọ̀nà mìíràn; ohun tí ọpọlọ wọn ṣe nìyẹn. Ọpọlọ wọn kò sì sún kì tó ti àwọn tó ń na ara.

Ní Yunifásítì Yale, ìwádìí tó jáde ní 2024 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà eré ìdárayá tó le, àmì tó ń fi ìlera àwọn sẹ́ẹ̀lì dopamine hàn nínú àwòrán ọpọlọ pọ̀ sí i dípò kí ó dín kù. Ènìyàn 10 péré ni, kò sì sí àwọn mìíràn tí wọ́n fi wọ́n wé, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn ta ìwòsàn fún yín. Ìrètí tó ń fúnni ni mo ṣe mẹ́nu kàn án.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ rí dókítà, ẹ wọn ìfúnpá ní ìjókòó àti ní ìdúró

Ẹ sọ fún dókítà pé eré ìdárayá tó ń mú ọkàn lù gidi lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó yẹ ọkàn, eegun àti orúnkún wò. Ẹ kó gbogbo oògùn dání, títí kan ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ nígbà tí aláìsàn wà ní ìjókòó tàbí ní ìdùbúlẹ̀, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ta tó ti dìde. Parkinson máa ń mú kí ìfúnpá já wálẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá dìde. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 dín kù, tàbí ti ìsàlẹ̀ fi 10, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ohun tó ń mú bàbá mi ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ti forí kanlẹ̀ nínú ìrun tí wọ́n sì dìde nìyẹn. A ti ń rò pé ojú ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi eré ìdárayá sí àkókò oògùn

Levodopa, oògùn Parkinson tí ọpọlọ ń sọ di dopamine, máa ń gba bí ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára. Ẹ ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan: ìgbà wo ni ọwọ́ ń rọ̀, ìgbà wo ni ẹsẹ̀ ń fò nílẹ̀? Ìgbà yẹn ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ní ilé wa, oògùn aago méje òwúrọ̀ ló ń gbé eré ìdárayá aago mẹ́jọ. Ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà lè bá oògùn yìí du ọ̀nà, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá kí ẹ máa lò ó ní ìṣẹ́jú 30 ṣáájú oúnjẹ.

Ẹ ó gbọ́ pé yèrèpè ń wo Parkinson. Òótọ́ ni pé levodopa wà nínú èso rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè wo àgúnmu nínú ṣíbí kó mọ iye tó wà níbẹ̀, bí ẹ bá sì fi lé oògùn ilé ìwòsàn, ó lè pọ̀ jù kí ìfúnpá já tàbí kí aláìsàn máa rí ohun tí kò sí. Ẹ má ṣe dá a dánwò fúnra yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mú ọkàn lù

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń kùnà. Wọ́n á ní Bàbá ti rìn lónìí. Ìrìn láti pálọ̀ dé ilé ìdáná ni wọ́n ń sọ.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó ènìyàn 128 jọ tí Parkinson wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí wọn kò sì tíì lo oògùn rẹ̀. Àwọn kan ń rìn kíákíá lórí ẹ̀rọ títí ọkàn wọn á fi lù ní ìdá 80 sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Àwọn kan ń ṣe é ní ìdá 60 sí 65. Àwọn kan ń bá ìgbé ayé wọn lọ bí wọ́n ti ń ṣe. Èsì rẹ̀ jáde ní 2018: lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àmì àìsàn àwọn tí kò yí nǹkan kan padà ti burú sí i pẹ̀lú bí máàkì mẹ́ta lórí òṣùwọ̀n tí dókítà fi ń wọn àìsàn náà, ti àwọn tó ṣe èyí tó le fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò níbi tó wà. Ìyẹn ló mú mi gbé oúnjẹ àárọ̀ Bàbá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

Bí ẹ ó ṣe ṣírò rẹ̀ nìyí. Ẹ yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220; èyí tó kù ni iye tí a fojú bù pé ọkàn lè lù jù ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni ọdún 65, ó ku 155. Ìdá 60 sí 65 rẹ̀ jẹ́ bí 93 sí 101 ní ìṣẹ́jú kan. Ìdá 80 sí 85 jẹ́ 124 sí 132. Ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ lábẹ́ àtàǹpàkò, ẹ ka lílù rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ṣùgbọ́n àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, bí atenolol àti propranolol, máa ń fa ọkàn sẹ́yìn, Parkinson fúnra rẹ̀ sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi èémí ṣe òṣùwọ̀n. Bí aláìsàn bá lè kọ orin láìdánudúró, kò tíì tó. Bí ó bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tó ń mí láàárín gbólóhùn, ó dára, níbẹ̀ ni kí ọ̀pọ̀ ènìyàn wà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, méjì, ló lè sọ kó tó mí, ó ti wọ èyí tó le, kí ẹ má sì dé ibẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má ṣe ju ìṣẹ́jú 10 lọ lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ mẹ́ta. Ẹ máa fi ìṣẹ́jú méjì, mẹ́ta, kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí ẹ ó fi dé 30. Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún rìn jẹ́jẹ́ ṣáájú, ẹ fi márùn-ún rìn jẹ́jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Dídúró lójijì ló ń mú ìfúnpá já. Òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ ṣe é kí oòrùn tó mú, pẹ̀lú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kò di dandan kí ẹ ra ẹ̀rọ. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan wà lẹ́yìnkùlé wa. A ní kí wẹ́dà àdúgbò ṣe irin sábẹ́ rẹ̀ kí táyà ẹ̀yìn má kan ilẹ̀, a fún bíréèkì díẹ̀ kí ó lè wúwo lẹ́sẹ̀. Ẹnì kan ń di Bàbá mú nígbà tí wọ́n bá ń gùn ún àti nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀. Ẹ rọ aláìsàn kí ó máa wà á yá ju bí ara rẹ̀ ṣe fẹ́ lọ. Ní 2003, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Jay Alberts bá obìnrin kan tó ní Parkinson wa kẹ̀kẹ́ alájogùn la ìpínlẹ̀ Iowa kọjá, ó ń fi agbára tirẹ̀ mú kí ẹsẹ̀ obìnrin náà máa yí kíákíá. Ìkọ̀wé obìnrin náà dára sí i. Ẹsẹ̀ ló ṣiṣẹ́, ọwọ́ ló jèrè, nítorí náà inú ọpọlọ ni ìyípadà náà ti ṣẹlẹ̀. Láti ibẹ̀ ni Alberts ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tó ń ṣe lórí kẹ̀kẹ́ àti Parkinson.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: agbára itan

Lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ kan wà láàárín. Àga náà tí a fi ṣe Bàbá ní ìjàǹbá la wá sọ di irinṣẹ́. Kí aláìsàn sún síwájú àga, kí ó fa àtẹ́lẹsẹ̀ sẹ́yìn sábẹ́ orúnkún, kí ó tẹ̀ síwájú títí imú á fi kọjá ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí ó wá dìde. Kí ó jókòó padà jẹ́jẹ́, láìjá bọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí ó sinmi, kí ó tún un ṣe. Bí ó bá ti rọrùn, kí ó káwọ́ mọ́ àyà. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó dojú kọ ògiri, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ tì í bí ẹni ń ti ọkọ̀ tó kú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kí ó tóbi

Parkinson máa ń dín gbogbo nǹkan kù: ìṣísẹ̀, ìkọ̀wé, ohùn. Ohun tó ń ṣòro ni pé aláìsàn kì í mọ̀. Lójú tirẹ̀, ìṣísẹ̀ rẹ̀ ṣì gùn bí ti àná, nítorí ọpọlọ ń wọn ìwọ̀n èké fún un. Nítorí náà, ohun tó bá dà bí àṣejù lójú rẹ̀ ló máa ń tó gẹ́lẹ́.

Mo wá bí mo ṣe máa ṣàlàyé èyí fún Bàbá títí, agbádá ló yọ mí. Mo ní kí wọ́n ṣe bí ẹni gbé apá agbádá lé èjìká, apá ọ̀tún, apá òsì, kí ọwọ́ ga, kí àyà ṣí, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ní apá kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ṣe é dáadáa ju gbogbo ohun tí a ti ń fi àwòrán hàn wọ́n lọ. Bí wọ́n bá ń rìn, gìgísẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ yípo, wọn kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan yí bírí. Kí wọ́n gba ìta yípo bí tírélà ṣe ń ya kọ́nà.

Fún ìdúró tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, tai chi ti àwọn ará Ṣáínà ní ẹ̀rí tó dára: ní Oregon, wọ́n dán an wò lára ènìyàn 195, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24, ìdúró wọn dára, wọn kò sì ṣubú tó àwọn tó kàn ń na ara, ìwádìí náà jáde ní 2012. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni gbígbé ara láti ẹsẹ̀ kan bọ́ sí èkejì jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá ń jó dùndún jẹ́jẹ́, pẹ̀lú tábìlì ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó lè dì mú, ń fi ara ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: nígbà tí ẹsẹ̀ bá lẹ̀ mọ́lẹ̀

Àwọn kan á dé ẹnu ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ á lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tẹ àtè. Ẹ má ṣe fà wọ́n! Bí ẹ bá fà wọ́n, ara òkè á lọ, ẹsẹ̀ á dúró, ilẹ̀ ni wọ́n á bá ara wọn.

Ní 2010, àwọn dókítà ará Netherlands ròyìn ọkùnrin ẹni ọdún 58 kan tí kò lè rìn ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ kó tó ṣubú, ṣùgbọ́n tó gun kẹ̀kẹ́ tó sì wà á geere bí ẹni tí kò ṣàìsàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kú. Ohùn tó ń sọ ìgbà tí yóò gbé e ni kò dé. Bí ìyá ìlù inú bá dákẹ́, ẹ lu ìlù láti ìta. Ọpọlọ ní ọ̀nà mìíràn tó ń gbà láti tẹ̀ lé ohun tí etí gbọ́ àti ohun tí ojú rí, àìsàn yìí kì í sì tètè ba ìyẹn jẹ́.

Nítorí náà, ẹ dúró, ẹ mí, ẹ nà ró. Kí aláìsàn gbé ara sọ́tùn-ún, sósì, ẹ̀ẹ̀mejì, mẹ́ta. Ẹ kà á sókè, “Ó dọ̀kan, ó dèjì,” kí ó gbé ẹsẹ̀ ńlá ní èjì. A fi téèpù aláwọ̀ ìyeyè sàmì sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà yàrá Bàbá, ìlà márùn-ún, ìlà kan sí èkejì jẹ́ ìwọ̀n ìṣísẹ̀ kan. Orí ìlà ni wọ́n ń tẹ̀. Mo sì fi ìlù gángan sínú fóònù wọn. Mo ti rí i tí ẹsẹ̀ tó ti há fún ìṣẹ́jú méjì gbéra nítorí ìlù náà, n kò sì lè gbàgbé ojú wọn lọ́jọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ keje: orí àti ohùn

Bí ara bá ti mọ ìrìn, ẹ fi iṣẹ́ orí kún un: kí ó máa ka ọjọ́ ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn, tàbí kí ó dárúkọ ọjà ìlú yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìjókòó lórí kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí. Ẹni tó bá ń ṣubú kò gbọdọ̀ ṣe é lórí ìrìn láìsí ẹni tó sún mọ́ ọn.

Ohùn náà fẹ́ eré ìdárayá. Ní alaalẹ́, Bàbá máa ń ki oríkì ìdílé wa síta, pẹ̀lú ohùn tó yẹ kí ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri gbọ́. Èmi á lọ dúró sí ẹ̀yìn ògiri. Bí n kò bá gbọ́, mo máa ń kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tún un kì.

Ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró, àti ìwé tí ẹ ó máa kọ

Àyà dídùn, òòyì, èémí tí kò padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ìsinmi, tàbí ìṣubú: ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ pe dókítà. Bí ó bá kàn rẹ̀ ẹ́, ẹ dín in kù lọ́jọ́ náà, ẹ má fò ó.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Lójoojúmọ́, ẹ kọ aago tó lo oògùn síbẹ̀, aago tó bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá, ìṣẹ́jú mélòó, bí ọkàn ṣe lù, iye ìgbà tó dìde lórí àga láìsí ìrànlọ́wọ́, iye ìgbà tí ẹsẹ̀ há, àti bí ó bá ṣubú. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé. Ẹ gbé ìwé náà lọ bá dókítà nígbà tí ẹ bá ń lọ, nítorí òun ni yóò fi mọ̀ bóyá kí òun yí oògùn padà tàbí àkókò rẹ̀. Nínú ti Bàbá, ojú ewé àkọ́kọ́ kọ “dìde: 0”. Oṣù kẹrin, ó di 12, orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì gùn dé ìdajì ìlà.